Ṣé Kí N Gbà Kí Wọ́n La Ẹ̀yìn Etí Mi Nítorí Òòyì?

ÌBÉÈRÈ: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Ẹni ọdún 52 ni mí, àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Oṣù kẹjọ rèé tí òòyì ti ń kọ́ mi. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Bí mo bá dùbúlẹ̀ tí mo yí sápá ọ̀tún, yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bí ẹni tí wọ́n so mọ́ táyà ọkọ̀. Bí mo bá gbójú sókè láti fa aṣọ lórí pẹpẹ fún oníbàárà, á tún dé. Kì í pẹ́, kí n ka ení dé ọgbọ̀n ni, á sì lọ, ṣùgbọ́n èébì á máa gbé mi, ara mi á máa gbọ̀n títí di ọ̀sán. Wọ́n ti tọ́jú ibà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní n kò ní. Wọ́n fún mi ní oògùn òòyì tí mò ń lò láràárọ̀ láti oṣù kẹta, oorun nìkan ló ń fún mi. Wòlíì kan ní ayé ló ń tì mí, pé ìyàwó àbúrò ọkọ mi mọ̀ nípa rẹ̀. Orí àga ni mo ń sùn báyìí. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà wá pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú òòyì yìí lọ́dọ̀ àwọn, pé ẹ̀yìn etí ni wọ́n ń là, òun fẹ́ tọ́jú ìwé kí n wá ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ di adití. Ṣé kí n gbà?
Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín. Ibi tí ẹ ti ní orí àga lẹ ń sùn ló dùn mí jù, nítorí èmi náà sùn lórí àga fún ọ̀sẹ̀ méje lọ́dún 2014. Aṣọ ni mò ń sá ní ẹ̀yìnkùlé, mo gbójú sókè wo okùn, ilẹ̀ sì yẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Níbi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, wọ́n fa omi sí mi lára fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n tọ́jú ibà, wọ́n ní àgbà ló dé. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan orí mi níbẹ̀. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ etí nílùú òyìnbó kí n tó fẹ̀yìn tì wálé, mo mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dáni dùbúlẹ̀, ẹni tó mọ̀ náà a máa dákẹ́. Mo dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje ni ìdákẹ́ yẹn gbà lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tiyín.

Iṣẹ́ abẹ tí ọmọ yín sọ wà lóòótọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ má tíì gbà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi, n kò rí ibi tí ẹ ti sọ pé ẹnì kan tẹ́ yín sórí bẹ́ẹ̀dì, tó yí orí yín sápá kan, tó sì tẹjú mọ́ ẹyinjú yín. Títí tí wọn yóò fi ṣe ìyẹn, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ etí tó ń dà yín láàmú, bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbé ọ̀bẹ sí etí tí a kò tíì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó jọ pé ó ń ṣe yín. Nínú etí lọ́hùn-ún, yàrá kékeré kan wà tí iyanrìn funfun tó kúnná gan-an wà nínú rẹ̀. Ohun tí èèyàn ń rí lára èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n fi dá iyanrìn yìí, gbogbo wa la sì ní in. Ìwúwo rẹ̀ la fi ń mọ̀ bóyá a dúró ṣánṣán tàbí a tẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yàrá yìí ni ọ̀nà omi mẹ́ta wà, wọ́n tẹ̀ bí àbọ̀ òrùka, àwọn ló ń jẹ́ṣẹ́ fún ọpọlọ pé orí ti yí. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, tàbí tí èèyàn bá forí gbá nǹkan, iyanrìn yẹn lè já kúrò ní àyè rẹ̀ kó sì rọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà omi náà. Èyí tó wà lẹ́yìn ló sábà máa ń bọ́ sí, torí òun ló rẹlẹ̀ jù. Bí ẹ bá wá yí sí ọ̀tún lórí ibùsùn, iyanrìn á yí, á ti omi, omi á ti ìlẹ̀kùn rírọ̀ kan tó wà níbẹ̀, ọpọlọ yín á sì gbà pé ẹ ń fò yípo nígbà tí ẹ kò kúrò lójú kan. Ìgbà tí iyanrìn bá rọlẹ̀, òòyì á dá. Ìdí tí kì í fi kọjá ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Òòyì tó bá ń kọ́ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ọ̀tọ̀ ni èyí.

Kì í ṣe ayé ló ń tì yín, Ìyá Ìbejì. Ẹ máa gba àdúrà yín, n kò ní kí ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí iyanrìn inú etí di ìyàwó àbúrò ọkọ yín sínú. Mo ti rí mọ̀lẹ́bí tó túká lórí irú èyí.

Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n kò gba ẹ̀rọ kankan. Lọ́dún 1952, ní London, Margaret Dix àti Charles Hallpike kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo dókítà, orúkọ àwọn méjèèjì la sì fi ń pè é títí dòní. Ẹ ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà á yí orí yín díẹ̀ sí ọ̀tún, á wá dá yín dùbúlẹ̀ wéré kí orí yín lè rọ̀ díẹ̀ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì. Ojú yín gbọ́dọ̀ là sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ etí ọ̀tún ni, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan òòyì á gbé yín, ẹyinjú yín á máa yí tìkọ̀-tìkọ̀ bí ẹni tó ń yí kọ́kọ́rọ́, á sì máa ta sókè. Dókítà tó mọ ohun tó ń ṣe á rí i, kò ní sí iyàn níbẹ̀. Wọ́n á tún ṣe apá òsì. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ìdùbúlẹ̀ yẹn ń bà yín, ó bà èmi náà, mo di ọwọ́ ẹni tó ń yẹ̀ mí wò mú pinpin. Ìṣẹ́jú kan ni.

Bí ó bá wá jẹ́ òun, ìtọ́jú rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà lọ́jọ́ kan náà. Dókítà kan ní Portland, ní Oregon l'Amẹ́ríkà, John Epley, ló ronú pé bí iyanrìn bá lè rọ́ wọlé, a lè fi ìyísí orí dà á jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìwé tó kọ lórí rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1992. Lónìí, òun ni àwọn dókítà etí káàkiri ayé kọ́kọ́ ń lò. Fún etí ọ̀tún, wọ́n á dá yín dùbúlẹ̀ bí mo ṣe sọ yẹn, orí sí ọ̀tún, ẹ ó dúró títí òòyì á fi lọ. Wọ́n á rọra yí orí yín lọ sí òsì, ẹ ó tún dúró. Ẹ ó wá fi gbogbo ara dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ojú yín á kọ sí ilẹ̀, ẹ ó dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé yín jókòó. Ọ̀dọ́mọbìnrin físíò kan, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ní Ìbàdàn ló ṣe tèmi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo sùn sórí ibùsùn mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì sunkún.

Ẹ má ṣe é fúnra yín nílé kí wọ́n tó yẹ̀ yín wò. Ẹni tí ọrùn ń dùn, tàbí tí egungun ọrùn rẹ̀ ti jẹ, wọ́n ní ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà ṣe é fún un. Bí iyanrìn bá sì wà nínú ọ̀nà omi míì tí kì í ṣe ti ẹ̀yìn, ìyísí tirẹ̀ yàtọ̀: wọ́n á yí yín gbogbo ara bí ẹni tó ń yí ẹja lórí iná. Ẹlòmíì nílò ẹ̀ẹ̀kan, ẹlòmíì ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ kan sí ara wọn. Ó sì lè padà wá lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, wọ́n á tún un ṣe. Tèmi ti padà wá lẹ́ẹ̀kan látìgbà náà.

Ní ti oògùn tí ẹ ń lò láràárọ̀, kò lè kó iyanrìn jáde. Ó ń mú ọpọlọ dákẹ́ ni. Bí wọ́n bá ń lò ó pẹ́, ó ń dá ọpọlọ dúró láti kọ́ bí yóò ṣe dúró gírí, èyí tí wọ́n sì ń pè ní cinnarizine lè mú ọwọ́ àgbàlagbà máa gbọ̀n. Ẹ mú páálí rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó sọ bí ẹ ó ṣe fi í sílẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà wá ńkọ́? Ẹ yẹ láti mọ ohun tí ọmọ yín ń sọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ti gbà ṣe é. Ti àkọ́kọ́ ni ti Richard Gacek l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1974: ó gé iṣan kan ṣoṣo tó ń gbé iṣẹ́ láti ọ̀nà omi ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n iṣan yẹn kéré, ibi tó fara pamọ́ sí nira láti dé, tí ọwọ́ bá sì yẹ̀ níbẹ̀, etí lè di. Dókítà tó lè ṣe é kò pọ̀ rárá.

Ọ̀nà kejì ló rọ́pò rẹ̀, ilẹ̀ Kánádà tí ọmọ yín wà gan-an ló sì ti wá. Lorne Parnes àti Joseph McClure, ní ìlú London ti Ontario, kéde rẹ̀ lọ́dún 1990. Wọn kò gé iṣan kankan. Wọ́n dí ọ̀nà omi náà ni, kí omi inú rẹ̀ má lè rìn mọ́. Tí omi kò bá rìn, iyanrìn tó wà níbẹ̀ kò ní ohun tí yóò tì. Èyí tó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé nígbà tí Parnes ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó rí iyanrìn funfun ọ̀hún pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ nínú ọ̀nà omi ènìyàn tó ń mí, ó sì kọ ọ́ síta lọ́dún 1992. Ohun tí àwọn kan fi ń bú Epley pé ó ń lálàá ni ẹlòmíì rí lábẹ́ awò.

Láàárín ọdún 11 tí mo lò ní yàrá iṣẹ́ abẹ etí, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta, Ìyá Ìbejì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ etí lójoojúmọ́. Ẹ fi ìyẹn mọ bí àwọn tó ń nílò rẹ̀ ṣe kéré tó. Aláìsàn á sùn pátápátá, kò ní mọ ohunkóhun. Wọ́n á fá irun díẹ̀, wọ́n á la ẹ̀yìn etí, wọ́n á fi ẹ̀rọ lu egungun líle tó wà níbẹ̀, omi á máa dà sí i kí egungun má bàa gbóná. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ọ̀nà omi tí wọ́n ń wá kò fẹ̀ ju ìwọ̀n milimítà kan lọ, bí wọ́n bá sì ti sún mọ́ ọn, egungun tó bò ó á tín-ín-rín débi pé wọ́n á rí ìlà aláwọ̀ aró lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àdìrẹ, ẹ mọ àwọ̀ tí mò ń sọ. Gbogbo wa nínú yàrá á dákẹ́ níbẹ̀ yẹn. Dókítà á ṣí i díẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ afami sún mọ́ ọn, torí bí wọ́n bá fa omi inú rẹ̀ jáde, etí lè kú. Nọ́ọ̀sì tó dúró tì í ti kó ìyẹ̀fun egungun tí wọ́n ń lù pa mọ́, wọ́n á pò ó mọ́ àtè tí wọ́n ṣe láti inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fi dí ihò náà wọ́múwọ́mú. Wọ́n á gé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lára iṣan ẹ̀bátí, wọ́n á fi bò ó, wọ́n á rán ojú ọgbẹ́.

Lára àwọn mẹ́ta tí mo rí, obìnrin olùkọ́ kan wà tí wọ́n ti yí orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìdínlógún láàárín ọdún méjì. Kò lè kọ nǹkan sí ojú pátákó mọ́. Nígbà tó padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì láìjẹ́ pé wọ́n ní kó ṣe é, ó yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyókù pa mọ́ fún yín. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò rọgbọ. Òòyì tó dà bíi ti ọkọ̀ ojú omi ń gbé e, ó ń di ara ògiri mú lọ sí ilé ìwẹ̀, etí rẹ̀ sì dí bí ẹni tó ki òwú sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni etí wọn ń là padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn díẹ̀ wà tí etí náà kò là tán mọ́. Iṣan tó ń mú ojú àti ẹnu rìn tún wà nítòsí ibẹ̀, ọwọ́ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Nítorí etí tó lè má là tán mọ́ yìí, ẹni tí etí kejì rẹ̀ ti di tẹ́lẹ̀, wọn kì í fẹ́ ṣe é fún un.

Ẹ lè béèrè pé, bí wọ́n bá dí ọ̀nà omi kan, ṣé n kò ní máa ṣubú ni? Mẹ́fà la ní, mẹ́ta ní etí kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún tó kù á kọ́ bí wọn yóò ṣe gbé iṣẹ́ ìkẹfà, bí ẹ bá ń ṣe eré ìdárayá orí àti ojú tí físíò á kọ́ yín. Ẹni tó bá fi ẹ̀rù jókòó sójú kan ló ń pẹ́ kó tó gbádùn.

Àwọn tó yẹ fún ọ̀bẹ yìí ni àwọn tí wọ́n ti rí òòyì wọn lójú, tí wọ́n mọ etí àti ọ̀nà omi tó jẹ́ dájúdájú, tí ẹni tó mọṣẹ́ ti yí orí wọn lọ́pọ̀ ìgbà fún nǹkan bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì yé padà débi tí wọn kò lè ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Wọ́n á ti fi ẹ̀rọ òòfà tí wọ́n ń pè ní MRI ya àwòrán inú orí wọn láti rí i pé kò sí kókó lẹ́yìn ọpọlọ. Ẹ̀yin kò tíì dé ìsàlẹ̀ òkè yẹn. Wọn ò tíì yí orí yín lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wá dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tàbí ti yunifásítì tó sún mọ́ yín. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má kàn ní òòyì ń kọ́ mi. Ẹ ní: bí mo bá yí sí ọ̀tún ló ń dé, kì í pé ìṣẹ́jú kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi dùbúlẹ̀ kí ẹ wo ojú mi. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Kí ọmọ yín fi owó ọkọ̀ òfurufú yẹn sápamọ́ ná. Àlejò tó bá wá kí ọmọ ní Kánádà, ìjọba ibẹ̀ kì í san owó ìwòsàn rẹ̀, iye tí wọ́n á sì gbà fún iṣẹ́ abẹ etí á ga.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé òòyì dé tí ahọ́n yín lọ́, tí ẹnu yí, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan kú, tí ẹ ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tàbí tí ẹ kò lè dúró rárá, iyẹn kì í ṣe ti iyanrìn. Ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó jẹ́ òru.

Ẹ kọ̀wé sí mi nígbà tí wọ́n bá ti mọ etí tó jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Mọ́mì, òòyì iyanrìn etí ti ṣe mí lẹ́ẹ̀mẹrin, orí yíyí ló ń lé e lọ. Wọ́n ní kí n máa lo fítámì D kó má padà wá. Ṣé òótọ́ ni?
Bàbá Káyọ̀dé, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Òótọ́ wà nínú rẹ̀, bàbá, fún ẹni tí fítámì D rẹ̀ bá kéré. Àwọn dókítà ní Kòríà Gúúsù gbé ìwádìí jáde lọ́dún 2020: àwọn tí tiwọn kéré, tí wọ́n fún ní fítámì D àti kálísíọ̀mù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọdún kan, òòyì wọn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù sí ti àwọn tí wọn kò fún. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó rà á. Bí tiyín bá pé, owó yín lẹ ń jù nù, ẹni tí kíndìnrín bá sì ń dà láàmú gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó fẹnu kàn án.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 24, ṣubú lórí ọ̀kadà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ojú ọgbẹ́ orí rẹ̀ ti jiná, ṣùgbọ́n tó bá dùbúlẹ̀ yàrá ń yí fún un. Kò tíì dàgbà, ṣé ó lè jẹ́ irú èyí?
Ọmọlará, Ìlárá-Mọ̀kín

ÌDÁHÙN: Ó lè jẹ́ ẹ́, ọmọ mi. Orí tó bá gbá ilẹ̀ lè já iyanrìn náà sílẹ̀ lára ọ̀dọ́ bó ṣe ń já lára àgbà, ó sì lè jẹ́ etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ìtọ́jú rẹ̀ á gba sùúrù díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ orí àti ọrùn rẹ̀ wò dáadáa, kó má lọ jẹ́ pé egungun kan là tí a wá ń yí orí rẹ̀ káàkiri. Bí orí bá ń fọ́ ọ kíkankíkan, tó ń bì, tàbí tó ń sùn jù, má dúró de ọjọ́ kejì. Tí kò bá sí èyí, mú un lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, má sì jẹ́ kó gun ọ̀kadà títí wọn yóò fi yanjú ẹ̀.